Àwọn Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Dídá Ìwé-Orúkọ Àfibọ̀ Sílẹ̀ àti Pípalẹ̀ Rẹ̀ Mọ́ nínú Ètò Èdè C

Ìfáàrà

Iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣàlàyé nínú àpilẹ̀kọ yìí kò ju méjì lọ. Èkíní ni bí ètò tí a fi èdè C kọ ṣe ń dá ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní directory sílẹ̀, tí ọ̀kan ń bẹ nínú èkejì, tí òmíràn sì tún ń bẹ nínú ìyẹn. Èkejì ni bí ètò náà ṣe ń palẹ̀ gbogbo wọn mọ́ nígbà tí a kò bá nílò wọn mọ́. Ẹni tí ó bá ti kọ ètò rí yóò sọ pé iṣẹ́ kékeré ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n a ti ṣàkíyèsí pé nígbà tí a bá ń fi Yorùbá kọ́ni ní iṣẹ́ yìí, ojú kan náà ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe nǹkan náà ni ó sì ń ṣì wọ́n lọ́nà, kì í ṣe èdè C. Nítorí náà, ọ̀rọ̀-ìperí ni a ó kọ́kọ́ yanjú kí a tó kan ètò kíkọ.

Orúkọ tí a ó máa pè é

Kí kọ̀ǹpútà tó dé ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí ti wà. Ìwé tí a to orúkọ àwọn ènìyàn sí, pẹ̀lú àdírẹ́sì tàbí nọ́ḿbà tẹlifóònù wọn, ni ó ń tọ́ka sí. Nígbà tí R. C. Daley àti P. G. Neumann ṣàlàyé bí Multics yóò ṣe máa tọ́jú fáìlì, ní ọdún 1965, ìtumọ̀ yìí gan-an ni wọ́n mú lò: fáìlì kan tí ó jẹ́ pé àtòjọ orúkọ ni ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Unix, tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ ní Bell Labs ní 1969, jogún èrò náà. Ritchie sì ṣẹ̀dá èdè C fún Unix yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ẹ̀yìn èyí ni àwọn tí ń ya àwòrán sí ojú kọ̀ǹpútà dé. Xerox Star ní 1981, Macintosh ní 1984 àti Windows 95 ní 1995, gbogbo wọn ya nǹkan náà bí páálí tí àwọn akọ̀wé ọ́fíìsì ń kó ìwé sí. Àwòrán yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa kọ́kọ́ rí. Ìdí nìyí tí a fi ń gbọ́ fódà lẹ́nu àwọn tí ń bá ni tẹ ìwé, tí àwọn olùkọ́ mìíràn sì ń dábàá àpò tàbí àpótí.

A kò bá ẹni tí ń lo àwòrán jà. Kí ó máa pè é ní fódà. Ó yé e, ó sì yé ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n akọ-ètò kì í bá àwòrán ṣiṣẹ́. Ohun tí ó wà lábẹ́ àwòrán ni ó ń fọwọ́ kàn, níbẹ̀ sì ni àpò ti ń já ènìyàn kulẹ̀. Bí a bá ti pe nǹkan ní àpò, a ti sọ fún olùgbọ́, láìla ẹnu, pé ohun tí ó wà nínú àpò kan kò lè sí nínú àpò mìíràn ní àkókò kan náà. A ti sọ fún un pé ẹni tí ó bá sọ àpò nù ti sọ ohun inú rẹ̀ nù. A sì ti sọ fún un pé àpò kì í kọ̀ kí a sọ ọ́ nù nítorí pé nǹkan ṣẹ́kù nínú rẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó rí bẹ́ẹ̀ nínú Unix.

Báwo ni ó ṣe wá rí? Fáìlì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ḿbà kan tí ètò olùdarí kọ̀ǹpútà fi mọ̀ ọ́n. Lábẹ́ nọ́ḿbà yìí ni a kọ gbogbo ohun tí ó jẹ mọ́ fáìlì náà sí: bí ó ti tóbi tó, ẹni tí ó ni ín, àwọn tí ó ní àṣẹ láti kà á, àti ibi tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wà lórí dísíkì. Ohun kan ṣoṣo ni kò sí níbẹ̀, òun ni orúkọ. Orúkọ wà ní ibòmíràn, nínú àtòjọ kan tí a ti kọ orúkọ sí apá kan, tí a sì kọ nọ́ḿbà sí apá kejì. Àtòjọ yìí ni ohun tí a ń wá orúkọ fún.

Ọ̀ràn náà kò ṣàjèjì sí wa. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, bàbá ọmọ a pe tirẹ̀, ìyá bàbá a pe tirẹ̀, ìyá ìyá náà a sì sọ pé Àbẹ̀kẹ́ ni òun yóò máa pe ọmọ òun. Ọmọ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń pè. Bí ọ̀kan nínú wọn kò bá tilẹ̀ pe orúkọ tirẹ̀ mọ́, ọmọ kò tìtorí èyí kú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni fáìlì Unix. Ó lè ní orúkọ méjì tàbí mẹ́ta nínú àtòjọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kò sì sí èyí tí a lè pè ní ojúlówó ju èkejì lọ. Ètò olùdarí a máa ka iye orúkọ tí fáìlì ní. Ìgbà tí iye náà bá di òfo, tí kò sì sí ètò kankan tí ó ṣí fáìlì náà sílẹ̀ mọ́, ni ó tó gba àyè rẹ̀ padà.

Ọ̀rọ̀ méjì ni a gbé yẹ̀wò. Èkíní ni àtorúkọ. Ìṣẹ̀dá rẹ̀ bá òfin mu: ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀, tò, di olóhùn àárín níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ tí ó jẹ́ àbọ̀ rẹ̀, a wá ní to orúkọ, torúkọ, àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ à- sì sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-orúkọ. Ó kúrú, ó sì dùn-ún pè. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ kì í mọ ohun tí ó jẹ́ àfi bí a bá tú u palẹ̀ fún un. Èkejì ni ìwé-orúkọ, èyí tí a fara mọ́. Gbogbo ẹni tí ó ti jókòó ní kíláàsì rí ni ó mọ ìwé tí olùkọ́ fi ń pe orúkọ ní àárọ̀. Ó mọ̀ pé orúkọ ni ó wà nínú ìwé náà. Àwọn ọmọ fúnra wọn jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó mọ̀ pé a lè yọ orúkọ ọmọ kúrò nínú rẹ̀ kí ọmọ náà sì wà ní ilé ní àlàáfíà. Gbogbo ohun tí akọ-ètò nílò láti mọ̀ ti wà nínú ìmọ̀ yìí. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ìwé kọ́ nítorí pé kò ní ojú-ewé, kí ó rántí pé ìwé ẹ̀rí àti ìwé ìrìnnà kì í fi iye ojú-ewé gba orúkọ wọn.

Àfibọ̀, ìta àti inú

Fún èyí tí ó wà nínú òmíràn, kò sí ìdí tí a fi níláti lọ wá ọ̀rọ̀ tuntun. Àwa onígírámà ti ń lo àfibọ̀ fún gbólóhùn tí a fi sínú gbólóhùn mìíràn. Ìwé-orúkọ àfibọ̀ ni a ó pe èyí náà. Kí a ṣáà rántí pé orúkọ ti inú àti nọ́ḿbà rẹ̀ nìkan ni a kọ sínú ti ìta.

Àwọn kan ń túmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì tààrà, wọ́n sì ń pe ti ìta ní òbí, ti inú ní ọmọ. A kò fara mọ́ èyí, fún ìdí méjì. Òbí méjì ni ọmọ ń ní, bẹ́ẹ̀ ẹyọ kan ni ìwé-orúkọ tí a fi ìwé-orúkọ mìíràn bọ̀. Èyí kò tó ìjà. Ìdí kejì ni ó wúwo. A ó rí i níwájú pé nígbà tí a bá ń palẹ̀ mọ́, ti inú gbọ́dọ̀ lọ kí ti ìta tó lè lọ. Bí a bá wá kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀kọ́ pé ọmọ gbọ́dọ̀ ṣáájú òbí lọ, ohun tí gbogbo àgbàlagbà ń gbàdúrà pé kí ojú òun má rí ni a sọ di òfin yẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kà á yóò rò pé a ṣi ọ̀rọ̀ kọ ni, yóò sì yí i padà lórí ara rẹ̀. Ìta àti inú tó fún wa. Èyí tí kò sí ìta fún, tí Unix ń fi àmì / nìkan kọ, ni ìwé-orúkọ ìpìlẹ̀. Àkọsílẹ̀ orúkọ láti ìta wọ inú, tí àmì / ń là wọ́n láàárín, ni ipa-ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan tí a ó lò títí dé òpin: oriki/ekiti/ado, fún ètò tí ń kó oríkì tí a gbà sílẹ̀ pamọ́ ní ìlú kọ̀ọ̀kan. A kò fi àmì ohùn sí i. Unix kò kọ àmì ohùn. Báìtì òfo àti àmì / nìkan ni kò lè wà nínú orúkọ. Ṣùgbọ́n báìtì ni ó ń fi wé ara wọn, kì í ṣe lẹ́tà. Lẹ́tà bí ọ̀ ń gba báìtì 5 nínú UTF-8, ọ̀nà sì ju ẹyọ kan lọ tí a lè gbà to báìtì náà. Nítorí náà, orúkọ méjì tí ojú wa rí bí ọ̀kan lè jẹ́ méjì lójú kọ̀ǹpútà. Nínú Linux, báìtì 255 ni òpin orúkọ kan ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹni tí ó bá ń fi àmì ohùn kọ orúkọ yóò sì dé òpin yìí kí àwọn tí kò lò ó tó dé ibẹ̀.

Dídá sílẹ̀

Èdè C fúnra rẹ̀ kò mọ ohun tí ń jẹ́ ìwé-orúkọ. Ìlànà èdè náà tí a gbé jáde ní 1989 sọ nípa àwọn nǹkan bíi fáìlì ṣíṣí, kíkà àti yíyí orúkọ rẹ̀ padà, kò sì sọ nípa ìwé-orúkọ. Inú ìlànà POSIX, tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1988, ni a ti rí àwọn ìpè tí a ó lò. Ìpè ni a pe ohun tí ètò fi ń bẹ ètò olùdarí ní iṣẹ́.

Ìpè mkdir ń gba nǹkan méjì: ipa-ọ̀nà, àti nọ́ḿbà tí ń sọ ẹni tí ó ní àṣẹ láti ṣe kí ni. 0755 ni a sábà máa ń kọ. Òfo iwájú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Òun ni ó ń sọ fún C pé ìkà ẹlẹ́ẹ̀jọ ni a ń kà. Ẹni tí ó bá kọ 755 lásán ti béèrè fún 01363, ìyẹn àṣẹ tí kò sí ẹni tí yóò mọ̀ọ́mọ̀ fún ni. Bí iṣẹ́ bá yọrí, ìpè náà yóò dá 0 padà. Bí kò bá yọrí, yóò dá -1 padà, yóò sì kọ ìdí rẹ̀ sínú errno.

Ìpè yìí kò sí nínú Unix ẹ̀dà keje ti 1979. Ètò kan tí ó ní agbára alákòóso ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà ní ìpele-ìpele: yóò kọ́kọ́ ṣẹ̀dá òfìfo kan pẹ̀lú mknod, lẹ́yìn náà yóò fi link kọ orúkọ méjì sínú rẹ̀, èkíní ni ẹyọ àmì-ìdánudúró kan tí ń tọ́ka sí i fúnra rẹ̀, èkejì ni méjì tí ń tọ́ka sí ti ìta. Nítorí pé ìpele-ìpele ni, aláìṣòótọ́ lè gba àárín wọn kọjá. 4.2BSD ni ó sọ gbogbo rẹ̀ di ìpè ẹyọ kan ní 1983. A mẹ́nu ba ìtàn yìí nítorí pé ó fi ojú ohun tí a ń dá sílẹ̀ hàn: ìwé tuntun, tí orúkọ méjì péré wà nínú rẹ̀.

Orúkọ tí ó kẹ́yìn nínú ipa-ọ̀nà nìkan ni mkdir ń dá sílẹ̀. Bí oriki kò bá tíì sí, tí a sì pè é fún oriki/ekiti/ado, ENOENT ni a ó rí nínú errno. Ẹni tí ó gbà pé àpò ni kì í mọ ìdí. Ṣé kò yẹ kí kọ̀ǹpútà bá òun rán gbogbo àpò náà lẹ́ẹ̀kan ni? Ẹni tí ó mọ̀ pé ìwé-orúkọ ni kò ní béèrè. Inú ekiti ni a ó kọ orúkọ ado sí, inú oriki ni a ó sì kọ ekiti sí. Bí ìwé kò bá sí, ibo ni a ó kọ orúkọ sí?

Nítorí náà, akọ-ètò ni yóò rin ipa-ọ̀nà náà láti ìta wọ inú. Yóò ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sínú àyè tí a lè yí padà, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí a kọ sáàárín àmì àyọlò nínú ètò C kò ṣeé fọwọ́ kàn. Yóò fojú wá àmì /, bí ó bá sì rí i, yóò fi báìtì òfo rọ́pò rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ lè parí síbẹ̀, yóò pe mkdir, yóò dá àmì náà padà, yóò sì tẹ̀ síwájú. Bí ipa-ọ̀nà bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú /, kí ó fo ti àkọ́kọ́, nítorí pé ìpìlẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń dá sílẹ̀. Nígbà tí àmì bá tán, yóò tún pe mkdir lẹ́ẹ̀kan sí i fún orúkọ tí ó kẹ́yìn.

Bí mkdir bá sọ pé EEXIST, orúkọ náà ti wà nìyẹn. Kí akọ-ètò má ṣe sọ pé ó dára kí ó sì máa lọ. Orúkọ lè jẹ́ ti fáìlì lásán. Kí ó fi stat wádìí bóyá ìwé-orúkọ ni. Àwọn mìíràn máa ń kọ́kọ́ béèrè bóyá ó wà, kí wọ́n tó dá a sílẹ̀. Èyí kò dára, nítorí pé láàárín ìbéèrè àti iṣẹ́, ètò mìíràn lè ti dá a sílẹ̀. Kí a kọ́kọ́ pe mkdir, kí a sì fetí sí ohun tí ó bá sọ.

Pípalẹ̀ mọ́

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni a nílò níhìn-ín, a kò sì gbọdọ̀ da wọ́n pọ̀. Ohun tí ìpè unlink ń ṣe ni a ó pè ní yíyọ orúkọ: ó yọ orúkọ kan kúrò nínú ìwé-orúkọ, ó sì fi ẹyọ kan dín iye orúkọ tí fáìlì náà ní. Ohun tí rmdir ń ṣe ni ìparẹ́: ó pa ìwé-orúkọ tí ó ti ṣófo rẹ́. Iṣẹ́ àpapọ̀, láti orí fáìlì tí ó jìnnà jù lọ nínú títí dé ìwé-orúkọ tí ó wà ní ìta pátápátá, ni ìpalẹ̀mọ́. Ẹni tí ó ti palẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ìnáwó rí mọ̀ pé a kì í ká àtíbàbà nígbà tí àlejò ṣì jókòó sábẹ́ rẹ̀.

Rmdir yóò kọ̀ bí orúkọ kan bá ṣẹ́kù yàtọ̀ sí ti ara rẹ̀ àti ti ìta. ENOTEMPTY ni ó sábà máa ń fi dáhùn. Kì í ṣe agídí. Bí ó bá gbà, àwọn fáìlì tí orúkọ wọn wà nínú ìwé náà yóò ṣì wà lórí dísíkì, wọn yóò máa gba àyè, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò rí orúkọ fi pè wọ́n mọ́. A máa ń rí irú àwọn fáìlì aláìlórúkọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí iná bá lọ lójijì tí dísíkì sì bàjẹ́. Fsck a kó wọn jọ sínú ìwé-orúkọ kan tí ń jẹ́ lost+found, a sì sọ wọ́n ní nọ́ḿbà wọn, nítorí pé nọ́ḿbà nìkan ni ó kù tí a fi mọ̀ wọ́n.

Ètò ìpalẹ̀mọ́ yóò fi opendir ṣí ìwé-orúkọ, yóò fi readdir ka orúkọ inú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí orúkọ bá jẹ́ ti fáìlì, yóò yọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ ti ìwé-orúkọ àfibọ̀, yóò tún ara rẹ̀ pè láti palẹ̀ ìyẹn mọ́. Lẹ́yìn tí orúkọ bá tán, yóò fi closedir pa ìwé náà dé, kí ó tó fi rmdir pa á rẹ́. A dábàá ìpe-ara-ẹni fún ètò tí ń tún ara rẹ̀ pè. Ẹnìkan ti lo àpètúnpè fún un, ṣùgbọ́n àwa onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ti ń lo ọ̀rọ̀ náà fún irú ìṣẹ̀dá tí a rí nínú kíákíá àti ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀.

Readdir a máa mú orúkọ méjì tí mkdir kọ́kọ́ kọ jáde pẹ̀lú. Bí a kò bá fo wọ́n, èkíní yóò máa dá ètò padà sínú ara rẹ̀ láìdúró, èkejì yóò sì gbé e jáde sí ìta, níbi tí a kò rán an. Kí a fi strcmp fi orúkọ wé méjèèjì gan-an. Ẹni tí ó bá sọ pé òun yóò fo gbogbo orúkọ tí àmì-ìdánudúró bẹ̀rẹ̀ yóò fi àwọn fáìlì tí a fi pamọ́ sílẹ̀, rmdir yóò sì kọ̀.

Ẹni tí kò bá fẹ́ kọ gbogbo èyí lè lo nftw, tí POSIX pèsè. FTW_DEPTH ni yóò mú kí ó dárúkọ ti inú kí ó tó dárúkọ ti ìta. Ẹni tí ó bá gbàgbé rẹ̀ yóò máa bá rmdir jà. FTW_PHYS ni èkejì tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé, ó sì yẹ kí a sọ ìdí rẹ̀.

Afọ̀nàhàn

Irú fáìlì kan wà tí ó jẹ́ pé ipa-ọ̀nà ni a kọ sínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ibòmíràn ni yóò júwe fún un. Afọ̀nàhàn ni a dábàá fún un. A kò lo atọ́ka, nítorí pé a nílò ìyẹn fún ohun mìíràn nínú èdè C, ìyẹn iye tí ń sọ ibi tí nǹkan wà nínú ìrántí kọ̀ǹpútà. Bí méjèèjì bá ń jẹ́ atọ́ka, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò mọ èyí tí a ń wí.

Ká ní ẹnìkan fi afọ̀nàhàn sínú oriki/ekiti, tí ó ń júwe ibi tí gbogbo ohùn tí a gbà sílẹ̀ fún ogún ọdún wà. Ètò wa dé ibẹ̀. Bí ó bá fi stat wádìí, stat yóò tẹ̀ lé ìjúwe, yóò sì dáhùn pé ìwé-orúkọ ni. Ètò yóò wọlé, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ orúkọ ohùn wọ̀nyí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìsí àṣìṣe kankan nínú errno. Lstat ni kí a lò. Òun kì í tẹ̀ lé ìjúwe, afọ̀nàhàn gan-an ni yóò sọ pé òun rí. Iṣẹ́ tí FTW_PHYS ń ṣe nìyẹn.

Síbẹ̀, àlàfo kan kù. Lẹ́yìn tí lstat bá ti sọ pé ìwé-orúkọ ni, kí opendir tó ṣí i, aláìṣòótọ́ lè gbé e kúrò kí ó sì fi afọ̀nàhàn rọ́pò rẹ̀. Bí ètò bá ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú agbára alákòóso, ìpalára rẹ̀ kò kéré. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, irú àlàfo yìí ni a rí nínú iṣẹ́ remove_dir_all ti èdè Rust, èdè tí ó ń fi ààbò yangàn; CVE-2022-21658 ni a kọ ọ́ sílẹ̀ sí, Rust 1.58.1 sì dí i. Fún èdè C, àtúnṣe rẹ̀ ti wà nínú POSIX láti 2008. Openat pẹ̀lú O_NOFOLLOW àti O_DIRECTORY yóò ṣí ìwé-orúkọ inú láti ara ti ìta tí a ti dì mú, yóò sì kọ̀ bí ó bá bá afọ̀nàhàn pàdé. Fdopendir yóò jẹ́ kí a kà á. Unlinkat yóò yọ orúkọ kúrò nínú ìwé tí a dì mú yìí gan-an, bí a bá sì fi AT_REMOVEDIR kún un, iṣẹ́ rmdir ni yóò ṣe. Níbi tí a bá ti lo wọ́n, a kì í tún ipa-ọ̀nà kà láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà kò sí ibi tí a ti lè yí i padà mọ́ ètò lójú.

Ní ti afọ̀nàhàn fúnra rẹ̀, unlink ni a fi ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́, kò sì léwu. Unlink kì í tẹ̀ lé ìjúwe. Orúkọ afọ̀nàhàn nìkan ni ó ń yọ, ohùn ogún ọdún náà yóò sì wà níbi tí ó wà.